Bí Mo Bá Jí, Kí O Tún Bi Mí

Ikùn Adéjọkẹ́ ni àwọn ará Ìlọrà kọ́kọ́ rí, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ọdún 1993 ni, ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ, tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn tíṣà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé. Tíṣà ni Adéjọkẹ́ náà, ọmọ Díákónì Akínwándé ni, ohùn rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn fi ń mọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Nígbà tí bùbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un níwájú, tí ìró kò sì ká a mọ́ bó ṣe ń ká a tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n kàn ń wo ikùn, wọ́n ń wo ojú, wọ́n ń yọ ṣùtì ètè.

Olúbọ̀dé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bọ̀dé, ló yẹ kó fẹ́ ẹ nígbà Kérésìmesì ọdún náà. Ará Fìdítì ni, oko ọsàn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń bójú tó. Ẹ̀bá títì níbi tí wọ́n ti ń kó ọsàn sínú ọkọ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Jọkẹ́. Mọ́tò tó gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn ló bàjẹ́ síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra ọsàn, ó jókòó sórí àpótí, ó ń mu ún bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.

Bọ̀dé ní, "Àǹtí, wọ́n ti tún ọkọ̀ yín ṣe o, ó ti fẹ́ gbéra."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Mi ò tíì mu ọsàn mi tán."

Ọ̀rọ̀ yìí pa Bọ̀dé lẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti wà ní Ìlọrà, ó ń bèèrè ilé Díákónì.

Láti ìgbà náà, kò bá a sùn rí. Bẹ́ẹ̀ ni Jọkẹ́ ṣe fẹ́ ẹ, Bọ̀dé sì gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ̀, Màmá Dorcas, pè é sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lára.

"Bọ̀dé, oyún oṣù mélòó ni?"

"Oyún wo, Màmá?"

"Oyún tí gbogbo ayé rí, tí ìwọ nìkan kò rí. Bó bá jẹ́ tìrẹ, sọ fún mi. Ìwọ nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sí mi lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ṣáájú ìgbéyàwó, èmi kò ní bá ọ jà."

Bọ̀dé wo ilẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Kì í ṣe tìrẹ?"

Bọ̀dé dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Kò tilẹ̀ dúró jẹun kó tó gun alùpùpù lọ sí Ìlọrà. Ó bá Jọkẹ́ níwájú ilé wọn, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ọrùn rẹ̀ ti rù, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta, ikùn nìkan ló kún. Ẹni tó bá fẹ́ rí òtítọ́ ì bá rí i, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn ríran.

"Jọkẹ́, ta ló ni ín?"

"Ta ló ni kí ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ni oyún yìí?"

Jọkẹ́ fi bírò sílẹ̀. "Ìjọ ti bi mí. Wọ́n ní kí n má bá àwọn kọrin mọ́. Bàbá mi jókòó síbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo wá ń sọ fún ara mi pé, ó ku ẹnì kan tí kò ní bi mí." Ó ń kó àwọn ìwé náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí mo bá jẹ òkèlè méjì, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo jẹ odindi ìkòkò kan. Mi ò lè fi ikùn dùbúlẹ̀, mi ò lè fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá oyún ni lóòótọ́. Máa lọ sílé, Bọ̀dé."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Díákónì ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn nígbẹ̀yìn, nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n fa omi púpọ̀ jáde níkùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n là á, wọ́n wò ó, wọ́n tún un rán. Jẹjẹrẹ ni. Ilé ẹyin rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fọ́n ká gbogbo inú bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n ọkà bàbà sórí ẹní. Wọ́n ní kí Díákónì máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ níwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un.

Àsíátù ló mú ìròyìn náà wá fún Bọ̀dé. Ìyàwó Ṣàràfá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, obìnrin tó máa ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà ní Ọ̀yọ́, òun náà sì ni alárinà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni Bọ̀dé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọsàn.

"Kí ni Jọkẹ́ wí? Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Ọkọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Ó ní kí n wí fún ọ pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ ti dé. Ó ní jẹjẹrẹ ló ni ín."

Láti ìgbà náà ni Bọ̀dé ti ń fẹ́ Jọkẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ẹ̀rín ló fi fẹ́ ẹ. Ti èyí, ìtìjú ni. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni yóò lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Díákónì, tí yóò máa gbọ́ bí Jọkẹ́ ṣe ń kérora nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é wọlé. Àsíátù yóò wọlé, yóò jáde, yóò mi orí. "Ó ní o kú ìjókòó." Nígbà mìíràn, "Ó ní bóo bá fẹ́ rí òkú, kí o ṣe sùúrù." Bọ̀dé ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ìfẹ́ ló ń gbé òun wá ni, àbí ẹ̀rí ọkàn. Ó kàn mọ̀ pé bí òun kò bá wá, òun kò ní lè mí.

Ní ọjọ́ kan, Díákónì fúnra rẹ̀ jáde wá jókòó tì í. Àgbà tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé Bíbélì lórí ti di ẹni tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀.

"Bọ̀dé, ìwọ bi í léèrè, èmi dákẹ́. Èwo ló burú jù níbẹ̀?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀," ni Díákónì wí. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wọlé lọ kí i."

Jọkẹ́ wò ó láti orí ibùsùn. Kò lé e jáde. Ó ní, "O ti rù," bí ẹni pé Bọ̀dé ni àìsàn ń ṣe. Bọ̀dé dojúbolẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà tí ọdún 1994 bẹ̀rẹ̀ ni Àsíátù tún dé, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un pé dókítà kan tó ti pẹ́ ní Jàpáànì ti dé sí ilé ìwòsàn àwọn oníjọ kan ní Ìbàdàn, iṣẹ́ abẹ ikùn bí irú ti Jọkẹ́ ló sì lọ kọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ. Dókítà Olúmidé ni wọ́n bá, ọkùnrin kúkúrú tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó tẹ ikùn náà, ó wo fọ́tò tí wọ́n yà nínú rẹ̀, ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Màá sọ òtítọ́ fún yín. Iṣẹ́ abẹ tó gùn ni. Gbogbo ibi tí jẹjẹrẹ yìí bá ti dé ni màá gé kúrò. Ilé ọmọ yóò lọ, ilé ẹyin méjèèjì yóò lọ, ọ̀rá tó bo ìfun yóò lọ, bóyá apá kan ìfun náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú kò rí yóò ṣì ṣẹ́ kù. Ìyẹn la ṣe máa da oògùn jẹjẹrẹ tó gbóná sínú ikùn náà tààrà, gbígbóná tó ju ti ibà lọ díẹ̀, kó máa yí ká níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan àbọ̀ ká tó fà á jáde. Jẹjẹrẹ kì í lè fara da ooru bí ara tó dá ṣe lè fara dà á."

Díákónì bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Mo bá ọ̀gá mi ṣe é ní Jàpáànì, lọ́pọ̀ ìgbà. Níhìn-ín, mi ò tíì ṣe é rí. Ó lè kú sórí tábìlì. Ó lè là á já, kí jẹjẹrẹ náà tún padà. Mi ò lè ṣèlérí."

"Bí a kò bá ṣe é ńkọ́?" Jọkẹ́ ló sọ̀rọ̀.

Dókítà wò ó lójú. "Ọsàn tó ń bọ̀ yìí, o ò ní mu nínú rẹ̀."

Nígbà tí Màmá Dorcas gbọ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Wọn yóò kó ilé ọmọ rẹ̀ dànù, ìwọ yóò sì fẹ́ ẹ? Bọ̀dé, mi ò kórìíra ọmọ yẹn. Mo bẹ Ọlọ́run kó wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni bàbá rẹ ní. Bóo bá fẹ́ ẹ, ilẹ̀kùn ilé yìí ti tì pa nìyẹn."

"Màmá, mo ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi ńkọ́? Èmi lo fẹ́ já kulẹ̀ báyìí?"

Bọ̀dé dìde. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Jọkẹ́ ní wọ́ọ̀dù. "Jẹ́ ká pe pásítọ̀ lónìí. Kí wọ́n so wá pọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ wọlé."

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Nítorí àánú lo fi ń bi mí. Òní, bí mo bá ní kí o fún mi ní ojú rẹ kan, o máa yọ ọ́." Ó fọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. "Mo máa jáde níbẹ̀ láìní ilé ọmọ, Bọ̀dé. Ìyẹn bí mo bá jáde. Bí mo bá jí, tóo rí ohun tó kù lára mi, kí o tún bi mí. Bí o kò bá bi mí, mi ò ní bínú."

Wọ́n gbé e wọ tíátà ní òwúrọ̀. Bọ̀dé àti Díákónì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Oòrùn dé agbede méjì ọ̀run, ó kọjá. Nígbà tó yá, iná lọ. Wọ́n gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn dún, tó dáwọ́ dúró, tó tún dún. Nọ́ọ̀sì kan yọ jáde pẹ̀lú ìbòmú lójú.

"Ta ló lè sáré nínú yín? Jẹnẹrétọ̀ ò lè gbé iná tíátà kó tún gbé ẹ̀rọ tó ń mú oògùn gbóná. Oògùn ti wà níkùn rẹ̀, ó sì ń tutù lọ. Omi gbígbóná la fẹ́ láti ilé ìdáná, èyí tí a óò fi yí ike oògùn ká. Kó má dáwọ́ dúró o!"

Bọ̀dé kò mọ ìgbà tó dìde. Ó sáré la àgbàlá kọjá, ó gbé kẹ́tùrù, ó sáré padà, nọ́ọ̀sì gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó tún sáré lọ. Díákónì ti wà ní ìdí sítóófù ilé ìdáná, agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó ń yí iná sókè, ó ń gbàdúrà, omijé àti òógùn para pọ̀ lójú rẹ̀. Omi gbígbóná ta sí Bọ̀dé lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: bó bá tutù, ó kú, bó bá tutù, ó kú. Ó ń sáré bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì náà fi di kẹ́tùrù mú, tí kò jẹ́ kó lọ mọ́.

"Ó tó, bọ̀dá. Wọ́n ti fà á jáde. Wọ́n ti ń rán an."

Ó yè é lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé e burú ju iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ibà dé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ojú ọgbẹ́ là. Ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó ń pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ń wo Bọ̀dé bí ẹni tí kò rí rí. Ìgbà kan wà tí Dókítà Olúmidé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tó kàn fọwọ́ lé Bọ̀dé léjìká tó sì kọjá lọ. Bọ̀dé jáde lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó fi orí gbá ògiri. Ó bẹ Ọlọ́run, ó bú Ọlọ́run, ó tún bẹ̀ Ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń fi ṣíbí fún un ní ògì nígbà tí Jọkẹ́ yí orí kúrò.

"O ò tíì bi mí."

Ṣíbí dúró lófuurufú. "Kí ni?"

"Mo ti jí. O ti rí ohun tó kù."

Irun rẹ̀ ti re, ojú rẹ̀ ti jìn, àpá náà gùn láti igbáàyà dé ìsàlẹ̀ ikùn. Bọ̀dé gbé abọ́ ògì sílẹ̀. "Adéjọkẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

"Mo fẹ́ máa rí ọ bí ilẹ̀ bá mọ́."

Ó sunkún, ó sì ń di ikùn mú nítorí ẹkún ń dùn ún. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa."

Ìgbéyàwó náà kò ní ariwo. Màmá Dorcas wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì lọ kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí. Àmọ́ kò ti ilẹ̀kùn pa bó ṣe wí. Ó gba ìyàwó sílé, ó ń kí i, ó ń dáhùn bó bá kí òun, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n ń lọ rí dókítà, wọn yóò di ọwọ́ ara wọn mú títí yóò fi sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Ìbẹ̀rù kò kúrò nílé wọn rárá. Bí inú bá kan run Jọkẹ́ lásán, Bọ̀dé kò ní lè jẹun.

Ní ọdún 1998, Àsíátù wá bá Bọ̀dé nínú oko.

"Ọkọ mi, ṣé ìwọ lo rán ìyàwó rẹ sí Akínmọ́rìn?"

"Rárá. Ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan."

"Ọ̀rẹ́ kọ́. Ó kó iṣu, ó kó èso, ó ní kí n wá ṣe alárinà, mo kọ̀. Ó ní òun yóò dá a ṣe. Bọ̀dé, ìyàwó ló lọ fẹ́ fún ọ."

Bọ̀dé gun alùpùpù bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tó dé ilé tí wọ́n júwe fún un ní Akínmọ́rìn, ó gbọ́ ohùn Jọkẹ́ láti ìta. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀.

"Kò ní lu ọmọ yín. Kì í mutí. Bí inú bá bí i, kì í pẹ́ tó fi ń rọlẹ̀, ojú sì máa ń tì í lẹ́yìn náà. Kò fẹ́ràn ata púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ, yóò kàn máa mu omi. Bó bá lálàá tó ń kígbe, kí ọmọ yín fọwọ́ lé e lẹ́yìn. Kó má jí i. Kó ṣáà fọwọ́ lé e lẹ́yìn."

Bọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jọkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tọkọtaya àgbà kan, ọmọbìnrin wọn, Fúnmilọ́lá, sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń fa etí aṣọ rẹ̀. Bọ̀dé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí mi. Èmi ni ọkọ tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ forí jì wá. Ọmọ yín kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mi ò ní ohun tí mo lè fún un mọ́. Ẹni tó kúnlẹ̀ yìí ti gbà á tán."

Bàbá ọmọ náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Bọ̀dé. "Ẹ máa mú iṣu yín lọ," ló wí, kò sì sí ìbínú lóhùn rẹ̀.

Ní agbede méjì ọ̀nà, Jọkẹ́ gbá a lẹ́yìn pé kó dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́ kan.

"Màmá kúnlẹ̀ fún mi," ló wí. "Ìyá tó bí ọ, Bọ̀dé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa bímọ fún ọ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí o sọ fún mi."

"Bí nǹkan yìí bá padà, tí mo kú ńkọ́?"

"Màá sin ọ́."

"Ìwọ ńkọ́, bóo bá dàgbà? Ta ni yóò sin ọ́? Ta ni yóò fọwọ́ lé ọ lẹ́yìn?"

Bọ̀dé kò rí irọ́ tó dára pa fún un. "Mi ò mọ̀, Jọkẹ́. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ tí màá jí, tí ẹlòmíràn yóò wà níbi tó yẹ kí o wà, bà mí ju ìyẹn lọ."

Jọkẹ́ gbé orí lé e láyà. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ méjì mẹ́ta fi kọjá.

Màmá Dorcas wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ó rí iṣu lẹ́yìn alùpùpù, ó sì mọ̀.

"Wọ́n kọ̀ ni?"

"Èmi ni mo kọ̀, Màmá."

Obìnrin àgbàlagbà náà di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó tún ti rù díẹ̀, tí ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ ikú fún.

"Mo ti sọ tèmi," ló wí. "Mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Adéjọkẹ́, wọlé wá jẹun. O kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀."

Ó yà kúrò lójú ọ̀nà. Jọkẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé.